Wákàtí Méjì Tí Ẹ̀rù Jẹ: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Ọmọ Ọdún 16 Kan àti Oògùn Ìrora Bàbá Rẹ̀

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 16 kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sórí ibùsùn rẹ̀ lóru, nígbà tí ìyá, bàbá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà nínú ilé kan náà. Oògùn tó fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀ kò ti ọwọ́ ọ̀daràn kankan wá. Dókítà ló kọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, apòògùn ló kà á sínú ìgò, orúkọ bàbá sì wà lára ìgò náà. Kí ìyá tó jí, ènìyàn méjì ti bá àmì ewu náà pàdé. Ọ̀kan gbọ́ ọ, kò mọ ohun tó jẹ́. Èkejì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n wákàtí méjì gbáko kọjá kí ẹ̀rù tó jẹ́ kó lanu.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. Àwọn ọ̀dọ́langba tí oògùn ti ṣe lọ́ṣẹ́ àti àwọn ẹbí wọn ni mò ń tọ́jú. Ìdílé yìí gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè kà á, mo sì ti yọ ohunkóhun tó lè tọ́ka sí wọn kúrò. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ ni pé bí a bá ń kìlọ̀ fún òbí nípa oògùn olóró, tòde nìkan la máa ń sọ: ẹgbẹ́ búburú, ẹni tó ń tà á ní kọ̀rọ̀. Òótọ́ ni ìkìlọ̀ yẹn. Àmọ́ àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani, ti ilé yìí gan-an la kì í sì í fẹ́ sọ.

Ìgò inú dúrọ́ọ̀

Oṣù mélòó kan ṣáájú, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún bàbá. Ìrora tó tẹ̀ lé e kò kéré, dókítà sì fún un ní oxycodone, irú èyí tí wọ́n ṣe kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara fún wákàtí 12. Oxycodone wà lára àwọn oògùn tí à ń pè ní opioid, àwọn bíi morphine, codeine, tramadol, fentanyl àti heroin. Kì í ṣe oògùn burúkú. Ẹni tó bá ti jókòó ti aláìsàn jẹjẹrẹ tí ìrora kò jẹ́ kó sinmi kò ní sọ pé kí wọ́n da morphine nù. Bàbá lò ó fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìrora lọ sílẹ̀, ó dáwọ́ dúró. Hóró mélòó kan ṣẹ́kù. Ó ti ìgò náà sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó ní bí orúnkún náà bá tún bẹ̀rẹ̀, òun kò ní máa wá oògùn kiri lóru.

Mi ò lè dá a lẹ́bi, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe nìyẹn. Ní 2017, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí mẹ́fà jáde pa pọ̀ lórí àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Láàárín 67 sí 92 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò lo opioid tí wọ́n gbà tán. Níbi tí wọ́n ti béèrè bí wọ́n ṣe tọ́jú èyí tó ṣẹ́kù, ó ju 7 lọ nínú 10 tí kò tì í pa mọ́ ibi kankan. Dókítà ti sọ fún bàbá pé kó má mu ọtí mọ́ ọn, kó má sì wa ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ọ̀dọ́langba wà nínú ilé rẹ̀.

Ohun tí ọmọ náà ń wá

Ọmọ yìí kò fẹ́ kú. Mo bi í léèrè gbangba, nítorí ó yẹ kí á máa bi wọ́n. Bíbéèrè kì í fi èrò ikú sí ọmọ lọ́kàn. Oorun ló ń wá. Ìdánwò ńlá ń bọ̀, ó sì ti tó oṣù kan tí kò sùn dáadáa. Á dùbúlẹ̀ láago mẹ́wàá, á máa wo àjà títí aago mẹ́ta. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá ní kó gbé fóònù jìnnà sí ibùsùn. Kò tún sọ ọ́ mọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì ló sọ fún un pé òun ní hóró oògùn kan tó máa ń jẹ́ kí gbogbo ariwo inú orí òun dákẹ́. Ọ̀rẹ́ yìí ti ń rà á fún bí oṣù márùn-ún lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń polówó lórí fóònù. Ó fẹ́ fún un ní ẹyọ kan. Ọmọ náà kọ̀. Ó ní, "Mi ò lè gbé nǹkan tí mi ò mọ ẹni tó ṣe é mì." Ẹ kíyè sí i pé ọmọ tó ní làákàyè ni. Gbogbo ìkìlọ̀ tí wọ́n ti ṣe fún un ló gbọ́, ó sì tẹ̀ lé e. Ìkìlọ̀ yẹn ló sọ fún un pé oògùn ìgboro ló ń pani, ló bá rò ó pé èyí tí dókítà fún Dádì kò lè ṣe òun ní nǹkan kan.

Ọ̀fìnkìn ń ṣe é ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sì ti mu oògùn ikọ́ olómi kan tó máa ń mú oorun wá. Ní aago mẹ́jọ, ó mú hóró kan nínú ìgò bàbá. Wákàtí kan ààbọ̀ kọjá, kò rí ìyàtọ̀. Ó mú méjì sí i. Kò mọ̀ pé irú hóró yẹn kì í yára, pé èyí àkọ́kọ́ ṣì ń gòkè bọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tó gbé méjì yòókù mì. Kò sì mọ̀ pé ara bàbá ti mọ́ oògùn náà, tí ara tòun kò tíì rí i rí. Ìwọ̀n tí ẹnìkan ń lò tó sì ń rìn káàkiri ilé lè dá èémí ẹni tó ń lò ó nígbà àkọ́kọ́ dúró. Oògùn ikọ́ náà tún fi tirẹ̀ kún un. Ọtí, oògùn oorun, oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀, àti àwọn oògùn ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn tó ń mú oorun wá, gbogbo wọn ló ń ran opioid lọ́wọ́ láti tẹ èémí rì.

Láàárín aago mọ́kànlá sí aago kan

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn náà lẹ́yìn náà, ìyá ló gbé e fún mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń falẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ra, àárín gbólóhùn kan sí èkejì gùn jù. Ó ní ara òun fúyẹ́, òun máa tó sùn báyìí. Ọ̀rẹ́ náà bi í pé mélòó ló lò. Kò dáhùn. Ọ̀rẹ́ tún kọ ọ́ pé, "Má sùn o." Ó pè é, fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún pè. Ó tún kọ ọ́ pé, "Jọ̀ọ́, dá mi lóhùn, má ṣeré yìí."

Ní nǹkan bí aago méjìlá, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà dìde láti mu omi. Ọmọ ọdún 19 ni. Bó ṣe ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá àbúrò rẹ̀, ó gbọ́ tó ń hanrun. Kì í ṣe ìhanrun kékeré. Ó wúwo, ó ń hó bí ìgbà tí omi wà lọ́nà ọ̀fun, á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, á tún fà á. Àbúrò rẹ̀ kì í hanrun. Ó rò pé ọ̀fìnkìn ló fà á, ó rẹ́rìn-ín, ó rọra ti ilẹ̀kùn kí ó má baà jí i.

Mo fẹ́ dúró níbí, nítorí láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sí àmì tí mo tíì rí tí àwọn ará ilé ń ṣì mú tó èyí. Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ni ohun tó ń rán ara létí láti mí wà. Bí ẹni tó ń sùn kò bá mí tó, afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ á mọ̀, á mú kó mí kíkankíkan tàbí kó jí. Opioid ń pa ìránnilétí yẹn lẹ́nu mọ́. Ó tún ń mú kí ahọ́n àti ẹran ọ̀fun dẹ̀, kí ọ̀nà afẹ́fẹ́ dí ní ìdajì. Ìró ọ̀nà tó dí yẹn ni ẹ̀gbọ́n gbọ́ tó pè ní oorun.

Ẹni tó ń sùn yóò jí bí a bá jí i. Nítorí náà, bí ọmọ tí kì í hanrun bá ń hanrun lọ́nà tó ṣàjèjì, ẹ wọlé, ẹ pe orúkọ rẹ̀ sókè, ẹ gbọn èjìká rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, ẹ fi oríkèé ìka yín ra egungun àárín àyà rẹ̀ gidigidi. Ó máa ń dun ẹni tó lè jí. Ẹ wo àyà rẹ̀ kí ẹ sì ka èémí. Láàárín 12 sí 20 ni ọ̀dọ́langba tó ń sinmi máa ń mí ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ti wálẹ̀ sí 10 tàbí tó dín sí i, tí kò sì ṣeé jí, ẹ má dúró di ìgbà tí yóò dákẹ́ pátápátá. Ọmọlójú tó kéré tíntín nínú yàrá tí kò sí ìmọ́lẹ̀ tó jẹ́ àmì mìíràn. Lára ẹni tó dúdú, ẹ má retí kí ojú yí àwọ̀ padà kí ẹ tó gbà gbọ́. Inú ètè, erìgì àti abẹ́ èékánná ni kí ẹ wò, bóyá wọ́n ti ń di aláwọ̀ eérú.

Ọ̀rẹ́ náà kò sùn ní gbogbo àkókò yìí. Mo bi í nígbà tó yá pé kí ló ń rò. Ó ní lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n á sọ pé òun ni òun kọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kejì, àwọn òbí òun á gba fóònù òun, wọ́n á rí ohun tí òun ń rà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, bóyá ó ti sùn lóòótọ́ ni, tí òun á kàn dá wàhálà sílẹ̀ lásán. Ó ní èyí ẹ̀kẹta ni òun di mú jù, nítorí èrò yẹn ló jẹ́ kí òun lè máa jókòó síbẹ̀. Nígbà tí aago kan kọjá, ẹkún gbé e, ó lọ jí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yẹn kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó gba fóònù, ó pe ìyá ọmọ náà.

Ohun tó sọ, bí ìyá ṣe sọ ọ́ fún mi, nìyí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dìde. Ẹ lọ wo ọmọ yín nínú yàrá rẹ̀. Oògùn ló lò. Ẹ má tíì bi mí ní nǹkan kan mà, ẹ kọ́kọ́ lọ."

Inú yàrá

Ìyá bá a tó nà gbalaja. Ara rẹ̀ tutù, ó ń làágùn, ètè rẹ̀ ti rí bí eérú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ka èémí rẹ̀ nígbà tí ẹni tó gbé fóònù pàjáwìrì ní kó kà á: mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kan. Bàbá, tí orúnkún rẹ̀ kò tíì jẹ́ kó sáré, ti gbé omi dé, ó fẹ́ dà á lé e lórí, ó sì ń pariwo kí wọ́n gbé e dìde kó rìn. Ẹni tó wà lórí fóònù dá a dúró. Omi tútù, ìgbátí, fífi ipá mú un rìn, fífún un ní nǹkan mu, mímú un bì, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń dá èémí padà. Àkókò ni wọ́n ń jẹ, ohun tí wọ́n bá sì dà sí ẹnu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Afẹ́fẹ́ ló nílò. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n dá a dùbúlẹ̀ gbalaja, kó rọra ti orí rẹ̀ sẹ́yìn, kó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, kó fi ìka pa ihò imú rẹ̀ dé, kó sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún síra. Ọmọ ọdún 19 tí kò kọ́ irú ẹ̀ rí ṣe é títí ọkọ̀ pàjáwìrì fi dé, ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ohun tó mú kí ọpọlọ àbúrò rẹ̀ máa rí afẹ́fẹ́ nìyẹn, mo sì ti sọ ọ́ fún un lójú gbogbo ẹbí, nítorí ó ń ru ẹ̀bi ilẹ̀kùn tó tì kiri.

Kò sí naloxone nínú ilé náà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó dé ni wọ́n fín in sí imú ọmọ náà. Oògùn yìí máa ń lé opioid kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́ nínú ọpọlọ, ó sì máa ń gba ibẹ̀, kí èémí lè padà láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Kì í ṣe ẹni tí kò ní opioid lára ní ibi, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣiyèméjì bí kò bá dá a lójú ohun tí ọmọ lò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dámọ̀ràn ní 2014 pé kí ó wà lọ́wọ́ àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ tó ṣeé ṣe kí wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí oògùn bá pọ̀ jù lára ènìyàn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fọwọ́ sí i ní oṣù kẹta ọdún 2023 kí wọ́n máa ta èyí tí a ń fín sí imú láìsí ìwé dókítà. Ìfín àkọ́kọ́ kò tó fún ọmọ náà. Lẹ́yìn ìkejì ló fà èémí gidi kan, ó lajú, ó sì ń sunkún.

Bàbá rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó sinmi. Wọ́n kọ̀, wọ́n sì ṣe dáadáa. Agbára naloxone kì í ju ìṣẹ́jú 30 sí 90 lọ, nígbà tí oxycodone tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ ṣì ní ọ̀pọ̀ wákàtí níwájú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èémí rẹ̀ tún wálẹ̀ ní ilé ìwòsàn kí wọ́n tó máa fi naloxone sí i lára nípasẹ̀ omi tó ń kán, títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Bí ọmọ bá jí, tó ń sọ̀rọ̀, tó ń bínú pàápàá, ilé ìwòsàn ṣì ni kí ẹ gbé e lọ.

Ìjókòó àkọ́kọ́

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, gbogbo wọn wá jókòó níwájú mi. Ìbéèrè tí bàbá kọ́kọ́ gbé sílẹ̀ ni pé, "Ta ló kọ́ ọ?" Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ìyá ní kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Bàbá ní òun kò bínú, òun kàn fẹ́ mọ̀ ni. Gbogbo wa ló mọ̀ pé ó ń bínú, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú; ẹ̀rù ló wọ aṣọ ìbínú sọ́rùn.

Mo bi ọmọ náà ní ìbéèrè mìíràn: nígbà tó rí i pé ara òun ń yí padà lọ́nà tí kò yé òun, kí ni kò jẹ́ kó kàn ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀? Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ọmọ tó bá fọwọ́ kan oògùn olóró nínú ilé yìí, kó má pè yín ní bàbá mọ́."

Bàbá kò sọ nǹkan kan. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà tí wọ́n bá jọ ń wo ìròyìn, nígbà tí ọmọ ará àdúgbò bá ṣìnà. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó rò pé ògiri ni òun ń mọ yí ọmọ òun ká. Ọmọ sì gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí àdéhùn: bí ó bá ṣẹlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ìwọ nìkan lo wà.

Mo gbà gbọ́ gidigidi pé irú ìhalẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dá ọmọ dúró kó má tọ́ oògùn wò. Ìrànlọ́wọ́ ló ń dá dúró. Ọ̀rẹ́ tó jókòó ti fóònù fún wákàtí méjì kò yàtọ̀ sí i. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, gbé ìròyìn jáde lórí àwọn ọmọ ọdún 10 sí 19 tí oògùn àpọ̀jù pa láàárín oṣù keje 2019 sí oṣù kejìlá 2021. Iye àwọn tó ń kú lóṣooṣù ju ìlọ́po méjì lọ láàárín àkókò náà. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló ní ẹnìkan nítòsí tí ì bá ràn wọ́n lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà nítòsí kò ṣe nǹkan kan. Àwọn mìíràn wà ní yàrá tó kàngun sí tiwọn, àwọn mìíràn kò mọ ohun tí wọ́n ń wò. Bí mo bá ka ìròyìn yẹn, ẹ̀gbọ́n tó rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà ni mo máa ń rí nínú rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n ṣe àdéhùn mìíràn, kí bàbá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó kọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní ṣé kì í ṣe pé òun ń fún wọn láyè nìyẹn? Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Mo sọ fún un pé òfin ilé kò yí padà: oògùn tí kì í ṣe tìrẹ, má fọwọ́ kàn án, ìbáwí sì lè wà. Àmọ́ ìbáwí kò gbọdọ̀ wọ inú yàrá náà ṣáájú ìrànlọ́wọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ ọ́ síwá sẹ́yìn, ó yíjú sí àwọn ọmọ méjèèjì, ó ní: "Ìgbàkígbà tó bá jẹ́, ẹ pè mí. Bó jẹ́ ẹ̀yin ni, bó jẹ́ ọ̀rẹ́ yín ni. Mi ò ní bi yín ní ohunkóhun títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ nínú ewu. Bó bá di ọjọ́ kejì, a ó sọ̀rọ̀." Ìyá ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ohun tí wọ́n yí padà nílé

Wọ́n kó ìyókù oògùn náà lọ fún apòògùn tó gbà láti pa á run. Ọ̀nà tó dára jù nìyẹn. Níbi tí kò bá ti sí ẹni tó ń gbà á, FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, ní àtòkọ àwọn oògùn tí ewu wọn pọ̀ débi pé ó sàn kí wọ́n dà wọ́n sí ṣáláńgá olómi lójú ẹsẹ̀ ju kí wọ́n wà nílé lọ, oxycodone sì wà nínú rẹ̀. Orúnkún bàbá ṣì ń dùn ún. Dókítà fi oògùn mìíràn tí kì í ṣe opioid rọ́pò, pẹ̀lú ìdárayá. Bí opioid bá tún di dandan nílé yẹn, inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni yóò wà, wọn yóò sì máa ka hóró rẹ̀. Naloxone ti wà nílé báyìí, gbogbo wọn ló mọ ibi tó wà àti bí wọ́n ṣe ń fín in.

Ìyá ń bi dókítà ní ìbéèrè nísinsìnyí, kódà lórí oògùn tí àwọn ènìyàn kà sí kékeré. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Codeine àti tramadol tí ọ̀pọ̀ ilé ń fojú tín-ín-rín, FDA kìlọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2017 pé kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12. Kí wọ́n má sì fi tramadol tọ́jú ìrora ọmọ tí kò tíì pé 18 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi yọ tonsil, ẹran méjì tó wà lẹ́yìn ọ̀fun. Ẹ̀dọ̀ àwọn ènìyàn kan máa ń sọ codeine di morphine kíákíá ju ti ẹlòmíràn lọ, ìwọ̀n tí kò ṣe ọmọ kan ní nǹkan sì lè dá èémí èkejì dúró. Kò sẹ́ni tó lè fi ojú mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Oorun tí ọmọ náà ń wá la wá tọ́jú nígbẹ̀yìn. Àníyàn ló wà nídìí rẹ̀, ó sì ń lọ rí olùdámọ̀ràn kan. Ó ti padà sí ilé-ìwé.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yìí le ju ti ọmọ náà lọ, mo sì ń bínú pé àwọn kan fẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ni wọ́n á ka ẹ̀sùn sí lọ́rùn. Òun ni ìpè yẹn ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Nígbà tí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, fentanyl ni wọ́n rí, bẹ́ẹ̀ oxycodone ni ẹni tó ń tà á fún un pè é. Ayédèrú tí wọ́n tẹ̀ kó jọ ti ilé ìtajà oògùn ni. Fentanyl lágbára ju morphine lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 100, mílígíráàmù méjì rẹ̀ sì lè tó láti pa ènìyàn. Nígbà tí DEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró ní Amẹ́ríkà, yẹ irú hóró ayédèrú tó ní fentanyl tí wọ́n gbà wò ní 2023, 7 nínú 10 ló ní ìwọ̀n tó lè pani. Oṣù márùn-ún ni ọmọ yìí fi ń jẹ ẹ́.

Oògùn náà ti di bárakú. Bí kò bá lò ó, inú á máa rún un, ara á máa gbọ̀n, imú á máa ṣomi, kò ní lè sùn. Àwọn òbí rẹ̀ pinnu láti tì í mọ́lé títí gbogbo rẹ̀ yóò fi kúrò lára. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe é. Ẹni tó ṣíwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìsí ìtọ́jú, ara rẹ̀ á ti gbàgbé oògùn náà, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò tíì gbàgbé. Bí ó bá padà sí ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀, ìwọ̀n yẹn lè pa á. Ìtọ́jú wà. Buprenorphine ń pa ìnira náà, ó ń mú kí ìfẹ́ oògùn rọlẹ̀, kò sì ń tẹ èémí rì bí àwọn yòókù. FDA fọwọ́ sí i fún ẹni ọdún 16 sókè, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sì ti ń rọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn láti 2016 pé kí wọ́n máa fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ tọ́jú ọ̀dọ́langba tí opioid ti di bárakú fún gidigidi. Bàbá rẹ̀ ní oògùn ni wọ́n ń fi pààrọ̀ oògùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló dá a lóhùn pé, "Dádì, èyí ló ń jẹ́ kó jí láàárọ̀."

Ó ti lé ní oṣù mẹ́fà tó ti wà lórí ìtọ́jú. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan láàárín rẹ̀, ó ra hóró kan, ó jókòó tì í, kó tó jẹ ẹ́ ló lọ jí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n jọ mú un wá sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kejì, a gbé ìwọ̀n buprenorphine rẹ̀ sókè díẹ̀.

Ìyá ọmọbìnrin náà máa ń pe ọ̀rẹ́ yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bàbá kò tíì gbà kó wá sílé wọn, ọmọ rẹ̀ sì ń bá a jà lórí rẹ̀. Ìyẹn la ó jókòó lé lórí nígbà tí wọ́n bá tún wá.